Ọ̀sà Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Nígbà tí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn ọmọ Nàìjíríà ya bo Abidjan. Àwọn kan wọ bàálù. Àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó, wọ́n la orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà kọjá, wọ́n sì san gbogbo owó tí àwọn aṣọ́bodè máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ pé àti ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Ẹ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù náà parí sí: 2 sí 1 ní pápá Ebimpé, onílé ló gba ife. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, àwọn àlejò wa ti ráyè ṣe fàájì. Wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi odidi ọjọ́ kan gbafẹ́ lórí ọ̀sà Ebrié, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní erékùṣù Boulay láti jẹ ẹja yíyan pẹ̀lú attiéké, wọ́n sì ya fọ́tò tí àwọn ilé gogoro Plateau hàn lẹ́yìn wọn. Títí di òní ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣì ń wọlé sórí fóònù wa. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ kì í yí padà: Abidjan mà rẹwà o! Ìgbà wo ni Èkó máa dà báyìí?

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí fàájì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó rówó, kó gbafẹ́. Ìjà mi ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n rí lórí omi yẹn, wọn ò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn ń lọ jẹ́jẹ́, ọkọ̀ mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ó kún fún àwọn akọ̀wé, àwọn aránṣọ, àwọn ọmọ ilé ìwé, àti àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà Treichville. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀, ni ohun tó yẹ ká kọ́ lọ sílé. Ẹwà omi, a ní tiwa.

Fún ẹni tí kò tíì dé Abidjan rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe tẹ́. Ọ̀sà Ebrié gùn tó nǹkan bí 130 kìlómítà, ó sì gba àárín ìlú kọjá. Apá àríwá ọ̀sà ni Plateau wà, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba àti báńkì pọ̀ sí; apá ibẹ̀ náà ni Adjamé, Cocody àti Abobo. Yopougon wà ní ìwọ̀ oòrùn, omi Banco ló là á nípá kúrò lára àwọn yòókù, èrò inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Apá gúúsù ni Treichville, Marcory, Koumassi àti Port-Bouët, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú wà. Treichville yìí ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó wá láti Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sí, kí wọ́n tó máa pè wá ní Anago káàkiri ìlú. Nínú ètò ìkànìyàn 2021, èèyàn mílíọ̀nù 6.3 ló wà ní Abidjan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó dà bíi pé gbogbo wọn ló fẹ́ sọdá omi lẹ́ẹ̀kan náà.

SOTRA ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú náà. Ọdún 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1980, ó gbé ọkọ̀ sójú ọ̀sà. Wọn ò pè é ní ọkọ̀ ìgbafẹ́, wọn ò sì fi orúkọ òṣèlú kankan sọ ọ́. Bateau-bus ni wọ́n pè é: bọ́ọ̀sì tó ń rìn lórí omi. Nínú orúkọ yẹn ni ọgbọ́n náà wà. Ilé iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì ló ni ọkọ̀ omi. Owó tí wọ́n ń gbà lórí omi kò jìnnà sí èyí tí wọ́n ń gbà lórí ilẹ̀. Èbúté rẹ̀ wà ní Plateau, ní Treichville, ní Abobo-Doumé lápá Yopougon, àti ní Blockhauss ní Cocody, ìyẹn ni pé ibi tí èèyàn ń gbé àti ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó tò, ọkọ̀ ó dé, ẹ ó wọlé, yóò ṣí. Ìrìn tí ọkọ̀ ilẹ̀ lè fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fà nígbà tí afárá bá dí, kì í tó ìdajì wákàtí lórí omi. Kò sí ohun ìyanu kankan nínú rẹ̀. Mo sì ń fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun ìyanu nínú rẹ̀, nítorí ní tiwa, gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ra ọkọ̀ omi, ó ní láti jẹ́ ohun ìyanu: wọn ó gé rìbọ́nnì, gómìnà ó wọ̀ ọ́, àwọn oníròyìn ó tẹ̀lé e, ilẹ̀ ó sì ṣú.

Kí bateau-bus tó dé, pinasse ti wà, ó sì ṣì wà. Ọkọ̀ onígi gígùn ni, tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí nídìí, tí èrò ń jókòó sí orí pákó lọ́tùn-ún lósì. Ó ń gba owó kékeré, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa aago: bó bá kún, ó lọ. Láti nǹkan bí 2017, ìjọba ti jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni wọ inú òwò náà pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun. Àwọn kan wá ń sọ pé kí wọ́n palẹ̀ pinasse mọ́ pátápátá, pé kò bá ojú ìlú mu. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí tálákà wọ pákó, kó fún un ní ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, kó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kó sọ iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kó sì fi ẹni tó máa kà á sí èbúté. Pípalẹ̀ nǹkan mọ́ nítorí ojú àlejò, a mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. N óò padà sórí rẹ̀ tí mo bá dé Èkó.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Abidjan ti yege. Àrùn tó ń ṣe wá nílé ti ń wọ ibẹ̀ náà. Afárá ńlá àkọ́kọ́ tó so Plateau pọ̀ mọ́ Treichville, 1957 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n fi orúkọ Houphouët-Boigny sọ ọ́. Èkejì, 1967, orúkọ de Gaulle. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 47 kọjá kí ẹ̀kẹta tó dé ní oṣù kejìlá 2014, orúkọ Henri Konan Bédié, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń san 500 sẹ́fà kó tó gbà á. Ní 2023, wọ́n ṣí èyí tó so Plateau pọ̀ mọ́ Cocody, tó fi okùn irin rọ̀ láti orí òpó, orúkọ Alassane Ouattara. Ẹ wò ó: afárá mẹ́rin, orúkọ ààrẹ mẹ́rin. N kò tíì rí ààrẹ tó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun sọ èbúté ọkọ̀ èrò. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ìdí kan tí owó fi ń lọ sórí afárá nìyẹn. Afárá dúró síbì kan, ó ga, iná ń tàn lára rẹ̀ lálẹ́, àlejò ń rí i látinú yàrá hótẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ omi ń fẹ́ epo lójoojúmọ́, ó ń fẹ́ àtúnṣe, ó ń fẹ́ kí wọ́n máa wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí èbúté. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n lè sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n gé rìbọ́nnì.

Mi ò sì ní kí wọ́n má kọ́ afárá. Láàárín ọdún 47 tí kò sí afárá kẹta, kí ni ẹ rò pé ó ń gbé àwọn ará Yopougon lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí afárá méjèèjì bá dí? Omi ni. Ẹni tó bá wá dé lónìí tó ní afárá ti tó, kó lọ dúró sí èbúté Abobo-Doumé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀gbin omi náà ń kọ́? Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà kọjá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ òórùn tí mo ń sọ. Ìdọ̀tí ilé, omi ìgbẹ́, ọ̀rá àti epo láti ilé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn wọ inú ọ̀sà. Àkìtàn ńlá Akouédo wà létí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tì í pa ní 2019. Ibẹ̀ náà sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n da májèlé inú ọkọ̀ Probo Koala sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, tí ìlú ń rùn, tí àwọn èèyàn ń to síwájú ilé ìwòsàn, tí àwọn kan kú. Láti 2015 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti tún àbáwọ omi Cocody ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Mòrókò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni àbáwọ omi Cocody wà? Àárín Plateau àti Cocody ni, níwájú àwọn tó lówó jù nílùú. Wọ́n ní ibùdó ọkọ̀ ìgbafẹ́ yóò wà níbẹ̀. Omi Banco, tí àwọn òṣìṣẹ́ Yopougon ń gbà kọjá láàárọ̀ láàárọ̀, n kò gbọ́ kí wọ́n fi ìdajì ariwo yẹn pa nítorí tiẹ̀. Omi tí olówó ń wò, wọ́n fọ̀ ọ́. Omi tí òṣìṣẹ́ ń gùn, ó di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mo pè ní ọ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá rọra wálé.

Lagos, orúkọ tí àwọn Potogí fi sọ Èkó, omi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá pín ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà sí márùn-ún, ó lé ní apá kan tí omi gbà. Àwọn Àwórì, Ìjẹ̀bú etí ọ̀sà, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ti ń fi ọkọ̀ ná ọjà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀dà. Ọjà Ejìnrìn létí ọ̀sà jẹ́ ìlú mọ̀-ọ́n-ká nígbà tí ọkọ̀ omi ń kó ẹrù láti Èkó wá pàdé ẹrù tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Badagry tàbí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lónìí, orí omi ló ń gbà. Ìlú tí ó ní gbogbo èyí ló jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti aago márùn-ún ìdájí, tó ń wo omi láti ojú fèrèsé dáńfó.

Lateef Jakande rí i. Ní 1983, ìjọba rẹ̀ gbé ọkọ̀ omi méjì jáde, Baba Kékeré àti Ìtàfájì, láti máa kó èrò. Ọdún yẹn kò tíì parí tí sójà fi gbàjọba. Ní 1985, wọ́n fagi lé ọkọ̀ ojú irin tó gbèrò fún ìlú náà. Ní 1990 ni Third Mainland Bridge parí, afárá tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 12, tó sì fi púpọ̀ nínú gígùn rẹ̀ tẹ̀lé etí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. A na afárá kìlómítà méjìlá sórí omi, kí a má bàa gba orí omi. Ojoojúmọ́ sì ni ó ń dí, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, gbogbo Èkó a gbé ọwọ́ lé orí.

Wọ́n wá dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó omi ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ tó ti wà ṣáájú. Dípò kí àwọn méjèèjì jọ dá ọkọ̀ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ ni wọ́n gba lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣẹjọ́ lórí ẹni tó láṣẹ láti fún ọlọ́kọ̀ níwèé, ẹni tí ọlọ́kọ̀ yóò sanwó fún, títí tó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n dá ìjọba àpapọ̀ láre ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Oṣù yẹn kan náà ni àwọn àlejò wa ń ya fọ́tò lórí ọ̀sà Ebrié. Èmi ò mọ òfin tó adájọ́, mi ò sì ní kí wọ́n má ṣe ìdájọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń jà lórí owó ìwé àṣẹ, èrò Ìkòròdú kò yí àdúgbò padà.

Ó yẹ kí n sọ òdodo: ọkọ̀ omi wà ní Èkó. Ìjọba ní tirẹ̀, àwọn aládàáni ní tiwọn, àwọn kan sì ń fi í lọ síbi iṣẹ́ láti Ìkòròdú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni mẹ́wàá tó ń gbé ní ilẹ̀ Èkó bóyá wọ́n ti wọ ọkọ̀ omi rí. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í ibo ló ń lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún ni, etíkun Tarkwa Bay ni wọ́n ń lọ, tàbí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀ṣọ́ náà ni. Ọ̀sà ti di ibi tí a ń lọ nígbà tí a ò bá níṣẹ́ ṣe.

Mo sì ní n óò padà sórí pípalẹ̀ nǹkan mọ́. Àwọn tó mọ omi Èkó jù, àwọn tó ń sùn lórí rẹ̀, tó ń bímọ sórí rẹ̀, kí la fi wọ́n ṣe? Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n wó ilé àwọn ará Makoko. Láàárín ìparí 2016 sí oṣù kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn ará Òtodò Gbàmẹ̀ kúrò, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 èèyàn, àwọn apẹja àti ìdílé wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé lílé tí wọ́n lé wọn lòdì sí òfin. Ìdájọ́ yẹn kò gbé ilé kankan dìde. Ilé ìwé tó ń léfòó ní Makoko, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, wó lulẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ní ọdún kan náà tí wọ́n fún irú rẹ̀ mìíràn ní ẹ̀bùn ní Venice ní Ítálì. Fọ́tò rẹ̀ ṣì ń tà. Bí a bá ń wá ẹni tí yóò tu ọkọ̀, tí yóò mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí yanrìn ti pọ̀, tí yóò mọ ìgbà tí ìjì ń bọ̀, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ ká lọ? Apẹja tí a lé kúrò létí ọ̀sà ló di ọlọ́kadà tí a tún ń lé lójú títì.

Nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, èsì kan wà tí mo máa ń gbà, àwọn tó kàwé ló sì máa ń fún mi jù. Wọ́n ní ẹ̀rù omi ń ba àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní àṣà wa ni. Àṣà wo? Ta ló ń bọ Ọlọ́kun, ta ló ń bọ Ọ̀ṣun, ta ló ni Yemọja, tí ọmọ rẹ̀ yóò wá máa sá fún omi? Ní ọjọ́ kan, mo jókòó ti ìyá kan nínú bateau-bus láti Treichville lọ sí Plateau. Ọmọ Èjìgbò ni, aṣọ ló ń tà, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà ní Abidjan. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ẹ̀rù omi ò wá ń bà yín?" Wọ́n yí ojú sí mi bíi pé mo bú wọn. Wọ́n ní, "Omi wo, ọmọ mi? Bọ́ọ̀sì nìyí o." Wọ́n sì padà sẹ́nu oorun wọn. Ìyá yìí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ilé odò kọ́ ni wọ́n ti bí wọn. Ohun tó mú ẹ̀rù kúrò lára wọn ni pé ọkọ̀ náà ń dé lánàá, ó ń dé lónìí, wọ́n sì mọ̀ pé yóò dé lọ́la.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn wa nílé, ó nídìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ onígi kan dojú dé lórí Odò Ọya, pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Ègbóti ní ìpínlẹ̀ Niger, tí wọ́n ń padà sí agbègbè Pátégí ní ìpínlẹ̀ Kwara. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Òru ni, èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, kò sì sí ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó fún wọn. Odò Ọya yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn odò tó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà; àwọn òyìnbó ń san owó ńlá láti fi ọjọ́ kan rìn lórí rẹ̀ ní Mali nígbà tí ibẹ̀ ṣì tòrò. Àwọn tó ń gbé ẹ̀bá rẹ̀, tí ọ̀nà ilẹ̀ wọn kò dára, kò ní ọ̀nà mìíràn ju orí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, àwọn aláṣẹ kẹ́dùn, wọ́n ṣèlérí ẹ̀wù ààbò, a sì tún gbọ́ ti òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, a tún gbọ́ ti òmíràn. Kì í ṣe Ọya ló pa wọ́n. Bí bọ́ọ̀sì tí kò ní bíréèkì bá pa ọgọ́rùn-ún èèyàn, ṣé ọ̀dà la óò sọ pé ó pa wọ́n?

Ẹ tún wo ọ̀nà ńlá tí wọ́n fẹ́ là láti Abidjan dé Èkó. Ní 2014 ni àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún tọwọ́ bọ àdéhùn rẹ̀: kìlómítà 1,028, ọkọ̀ mẹ́ta ní lílọ, mẹ́ta ní bíbọ̀. Ó dára, mo ti jókòó pẹ́ tó ní ẹnubodè láti mọ̀ pé a nílò rẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo ìpàdé tí mo gbọ́ ìròyìn rẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa okùn omi tó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun kan náà. Àwọn Faransé gbẹ́ odò sáàárín àwọn ọ̀sà Côte d'Ivoire, tí ọkọ̀ fi lè rìn láti Grand-Lahou títí dé apá Assinie láìfojú kan òkun. Láti Porto-Novo sí Badagry sí Èkó, omi ni. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni koríko ojú omi àti yanrìn ti dí báyìí. Iye tí yóò náni láti ṣí i, bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀dà kìlómítà ẹgbẹ̀rún, kì í ṣe ohun tó yẹ kó ba orílẹ̀-èdè lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ ti àwa ará ilé. Àwa Anago Abidjan, bí a bá lọ sílé lọ́dún, a máa ń sọ̀rọ̀ ìlú yìí. A ó sọ ti afárá tó ń tàn lálẹ́, a ó sọ ti òpópónà, a ó sọ pé iná kì í ṣe ségesège bíi ti Nàìjíríà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wa sọ fún wọn ní Èjìgbò tàbí ní Òṣogbo tàbí ní Èkó pé owó kékeré ni òun fi ń sọdá ọ̀sà lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún gbọ́nhan. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a ò kà á sí. Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ ń rò pé wíwọ bateau-bus dà bí ẹni pé èèyàn kò tíì dẹni ńlá, wọ́n ra mọ́tò, wọ́n lọ jókòó sórí afárá. Àwọn yẹn náà ló ń háyà ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní ọjọ́ Àìkú.

Ìdìbò gbogbogbò ń bọ̀ ní Nàìjíríà ní 2027. Àwọn tó fẹ́ ṣe gómìnà Èkó yóò wá bá àwọn ará Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry sọ̀rọ̀, wọn yóò sì mú àwòrán afárá dání. Ẹ bá wọn ká àwòrán náà nílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n: aago mélòó ni ọkọ̀ omi àkọ́kọ́ yóò máa kúrò ní Ìkòròdú láàárọ̀? Aago mélòó ni èyí tó gbẹ̀yìn yóò máa padà lálẹ́? Èló ni owó rẹ̀, ṣé yóò sì ju ti dáńfó lọ? Ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó mélòó ló máa wà nínú rẹ̀, ta ni yóò sì máa kà á? Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín ọ̀sà, láti ibo ni ọkọ̀ kejì yóò ti wá, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò sì gbà á kó tó dé?